Àbàwọ́n Àárín Síkírínì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ń fi gọ́ọ̀mù lẹ síkírínì kan mọ́ àyè rẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Mo wò ó, mo sì rí i pé ẹnìkan ti ba orúkọ mi jẹ́ níwájú ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn nínú gúrúùpù kan lórí fóònù. Mo wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Mo tún un wò. Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, ẹni tí mo pọ̀n sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́ ilẹ̀.

Ohun tó kọ nìyí: "Ẹ má gbé ẹ̀rọ yín lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Síkírínì mọ́. Àbàwọ́n wà láàárín gbogbo síkírínì tí wọ́n ń fi sí i láti oṣù tó kọjá. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Òtítọ́ ò mọ ẹ̀gbọ́n."

Gọ́ọ̀mù ti gbẹ mọ́ mi níka kí n tó rántí pé mo ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Síkírínì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa pààrọ̀ síkírínì ẹ̀rọ géèmù alágbèéká, àwọn ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ènìyàn máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú, tí á sì máa fi àtàǹpàkò ta géèmù lórí rẹ̀. Atúnagogoṣe ni bàbá wa nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí Olúwa pè é, mo jogún àwọn síkúrúdíráfà rẹ̀ wẹ́wẹ́, àbúrò mi sì jogún awò rẹ̀, ìyẹn awò kékeré tí àwọn atúnagogoṣe máa ń há sójú kan tí orí abẹ́rẹ́ á fi tóbi bí ẹyọ ẹ̀wà. Bàbá ti kọ́ wa bí a ṣe ń lò ó láti kékeré: ojú ọ̀tún ni kí o há a sí, kí o di ojú òsì pinpin, kí o má sì mí lé ohun tí ò ń wò lórí.

Olùkọ́ ìṣirò ni àbúrò mi ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ géèmù ju bí ó ṣe fẹ́ràn géèmù fúnra rẹ̀ lọ. Bí ó bá ra tuntun, kì í fi ta géèmù. Á ṣí àwòrán kan tí ó kún fún ìlà ìbú àti ìlà òòró, á há awò bàbá wa sójú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ojú síkírínì náà wò bí ẹni ń ṣa ìyanrìn nínú ìrẹsì. Nínú gúrúùpù àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ wọ̀nyí lórí fóònù, Olójú-Idì ni wọ́n ń pè é. Ohun tó bá ní kò dára, kò dára nìyẹn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ síkírínì fi ń dá ìjà sílẹ̀, nítorí èmi náà kò gbà á gbọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Oríṣi méjì ni síkírínì wọ̀nyí. Ọ̀kan ní iná lẹ́yìn, bí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Ó mọ́lẹ̀, ó lálòpẹ́, ènìyàn sì lè jókòó síta gbangba lọ́sàn-án kó máa ta géèmù lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwòrán òkùnkùn bá dé, dúdú rẹ̀ kì í dú tán. Ó máa ń rí bí eérú. Èkejì kò ní iná lẹ́yìn. Gbogbo ojú kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ló ń tan iná tirẹ̀, èyí tí kò bá sì ní iṣẹ́ á kú pátápátá. Dúdú tirẹ̀ dà bí inú ìkòkò tí a dé. Àléébù rẹ̀ ni pé bí àwòrán kan bá pẹ́ lójú rẹ̀ jù, àpá rẹ̀ kì í lọ mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ ń pe ara wọn ní Ọmọ Ọ̀sán, àwọn tó fẹ́ràn èkejì ń pe ara wọn ní Ọmọ Dúdú. Mo mọ ọkùnrin méjì tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin kan náà, tí wọn kì í kí ara wọn nítorí ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n á sì jọ kọ "Àmín" pẹ̀lú ohùn dídùn.

Ọmọ Dúdú paraku ni àbúrò mi. Èmi kì í ṣe Ọmọ Ọ̀sán, n kì í sì í ṣe Ọmọ Dúdú. Ẹni tó ń ta bàtà kì í bá ẹsẹ̀ ṣọ̀tá. Àmọ́ orúkọ mi ló ṣáájú nínú àkọsílẹ̀ kan tó lẹ̀ mọ́ òkè gúrúùpù náà, orúkọ àwọn mẹ́rin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe tí a lè fọkàn tán. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi ti ń wá. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ẹni mẹ́ta ti wá gba ẹ̀rọ wọn padà láìtíì ṣe. Ẹnì kan nínú wọn kò lè wo ojú mi. Ó ní ìyàwó òun ló ní kí òun wá gbà á.

Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò mi wá kí Màmá wa, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ó gbé àpò ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Dìde," ni mo wí. "Ṣé o kò ní ẹnu tí o lè fi sọ ọ́ fún mi ni?"

"Mo sọ ọ́ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ ní àyẹ̀wò mi ti pọ̀ jù."

"Mo wò ó. N ò rí nǹkan kan."

"Ẹ ò fi awò wò ó."

"Mo yá awò lọ́wọ́ atúnagogoṣe tó wà ní igun ọ̀nà, mo fi wò ó."

"Ẹ ò wò ó dáadáa nìyẹn. Àwọn ìlà tó yẹ kó gún, láàárín gbùngbùn, wọ́n ń tẹ̀ sínú bí irun tí iná jó. Ibẹ̀ sì ṣú díẹ̀. Ibi tí ẹ ti ń ra síkírínì yẹn, wọ́n ti ń rẹ́ yín jẹ."

"Ọwọ́ ẹni tí mo ti ń rà á láti ọdún márùn-ún ni."

"Ẹni náà ti yí padà nìyẹn."

Màmá ń ká aṣọ lórí àga. Kò gbé orí sókè. "Ọmú kan náà lẹ fi ní agbára tí ẹ fi ń jà yìí o," ni ó wí. "Nítorí dúdú tó dú àti dúdú tí kò dú. Ẹ bá wá fọ ìdí ìkòkò mi, ẹ ó rí dúdú."

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò bínú sí mi rárá. Ó dá a lójú. Bí ó ṣe máa ń rí nígbà tí ó bá fi gègé pupa fa ìlà sábẹ́ ìṣirò ọmọ kan ni ó rí.

Alága gúrúùpù náà, ọkùnrin onígbàjámọ̀ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, pè mí ní ọjọ́ kejì. Ó ní kí ọkàn mi balẹ̀, òun kò ní yọ orúkọ ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí gbogbo wa pàdé ní ṣọ́ọ̀bù òun. Òun á kó ẹ̀rọ mẹ́fà jọ, òun á fi bébà bo ara wọn, òun á sì fi nọ́ńbà sí wọn, kí Olójú-Idì má lè mọ èyí tó jẹ́ tèmi. Bí ó bá mú tèmi jáde láàárín wọn, orúkọ mi á kúrò.

"Tí kò bá mú un ńkọ́?" ni mo béèrè.

"Òun ló máa bẹ̀ yín níwájú gbogbo wa."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbàdúrà. Mo bẹ Ọlọ́run kí ó jà fún mi, kí ojú ti ẹni tó fẹ́ kí ojú tì mí. N kò dárúkọ ẹni náà nínú àdúrà mi, bí ẹni pé Ọlọ́run kò mọ̀ ọ́n, bí ẹni pé kì í ṣe Òun ló fi í sínú ikùn kan náà tí mo ti jáde. Mo tún fi ọgbọ́n tèmi kún un. Mo ní kí Alága fi ẹ̀rọ tuntun kan sí i, èyí tí wọn kò tíì ṣí páálí rẹ̀, kí ó ṣí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà níwájú ẹlẹ́rìí. Mo fẹ́ kí àbúrò mi ṣubú, kí ó sì dún.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó tó ogún ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn kan jókòó sórí àga ìgẹrun, àwọn kan dúró ti dígí. Alága ń parí irun oníbàárà kan lọ́wọ́, ó ní kí a bẹ̀rẹ̀, òun ń gbọ́. Ẹ̀rọ mẹ́fà wà lórí tábìlì, àwòrán onílà yẹn sì wà lójú gbogbo wọn. Akunlé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀sán-Gangan, olórí àwọn Ọmọ Ọ̀sán. Ọ̀dà funfun ṣì wà létí rẹ̀.

"Olójú-Idì, ṣé o ti jẹun?" ni ó wí. "Iṣẹ́ ojú kì í ṣe iṣẹ́ ebi."

"Mo jẹun ju ẹni tí dúdú rẹ̀ jẹ́ eérú lọ," ni àbúrò mi dáhùn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó há awò bàbá wa sójú ọ̀tún, ó di òsì, ó gbé ẹ̀rọ kìn-ín-ní. Kò mí.

"Àbàwọ́n wà níbí."

Ó gbé èkejì. "Ó wà níbí náà." Ẹ̀kẹta. "Ó wà níbí."

Mẹ́ta péré ni tèmi láàárín wọn, n kò sì mọ nọ́ńbà wọn. Ó gbé ẹ̀kẹrin, ó ní ó wà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ó gbé ẹ̀karùn-ún, ó wò ó pẹ́, ó ní ó wà níbẹ̀. Ó gbé ẹ̀kẹfà.

"Èyí ló burú jù," ni ó wí.

Alága dáwọ́ irun gígẹ̀ dúró. Ó fi ẹ̀rọ ìgẹrun tọ́ka sí páálí tó wà lórí pẹpẹ. "Inú páálí yẹn ni a ti yọ ẹ̀kẹfà láàárọ̀ yìí. Ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó tíì tú ìṣó kan lára rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é."

Ẹ̀rín bú jáde. Ó dà bí ìgbà tí omi fọ́ ìdènà. Ọ̀sán-Gangan fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ bá wa yọ dígí yẹn lára ògiri kó wo òun náà. Bóyá àbàwọ́n wà lójú Alága."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín dé ibi tí mo fi ọwọ́ di ẹnu.

Àbúrò mi kò wo ẹnikẹ́ni. Ó yọ awò, ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún, ó tún un há sójú, ó tún gbé ẹ̀kẹfà. Ẹnu rẹ̀ ń mì láìsọ̀rọ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe ní kékeré bí ìṣirò bá kọ̀ tí kò jáde.

"Níbo gan-an ni àbàwọ́n ọ̀hún wà?" ni Alága béèrè.

"Àárín. Níbí." Ó fi ìka kàn án. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó tún wà ní igun yìí." Ó tún tẹ orí sún mọ́ ọn. "Ó ti kúrò ní àárín. Ó wà ní igun báyìí."

"Àbàwọ́n ẹlẹ́sẹ̀," ni Ọ̀sán-Gangan wí. "Ẹ di ẹnu ọ̀nà, kó má baà sá lọ."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ni kò jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ àwàdà yẹn wọ inú mi bí omi tútù. Àbàwọ́n tó bá wà lára gíláàsì kì í rìn. Ibi tí ó bá wà ni á wà. Ohun tó ń bá ojú ẹni kiri, ibòmíràn ló wà.

Mo dìde. Mo ṣí àpò àbúrò mi, mo sì yọ ìwé ìṣirò ọmọ kan jáde, irú èyí tí wọ́n ti fi ìlà pín ojú rẹ̀ sí yàrá kéékèèké. Mo ṣí i sí ojú ewé tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí.

"Yọ awò yẹn. Di ojú òsì. Wo èyí."

"Ìwé ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀ pé ìwé ni. Báwo ni àwọn ìlà rẹ̀?"

Ó wò ó. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà kan, ohùn rẹ̀ sì ti kéré.

"Wọ́n tẹ̀."

"Níbo?"

"Ibi tí mo bá ṣáà ti wò."

"Ṣí òsì, kí o di ọ̀tún."

"Wọ́n gún."

Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀rọ ìgẹrun ṣì ń kùn lọ́wọ́ Alága. Oníbàárà tó jókòó sórí àga, tí wọ́n ti gẹ irun rẹ̀ dé ìdajì, na ọwọ́, ó sì pa á. Mo dúró sí iwájú àbúrò mi gan-an.

"Wo mí. Ojú ọ̀tún nìkan."

Ó gbé ojú sókè. Mo rí i bí àwọ̀ ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí wẹ́rẹ́, "ẹ ò ní imú."

Ọ̀sán-Gangan ló gbé àga wá fún un. Èmi ni mo jókòó sórí rẹ̀. Mo ti bẹ Ọlọ́run kí ó jà, ó sì ti jà, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi nísinsìnyí pé kí ó dáwọ́ dúró, ó ti tó, n kò fẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, dókítà ojú, ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi púpọ̀, kán oògùn sí i lójú, ó sì fi iná wò ó títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn bíríkì ògiri. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá nǹkan kan ti gbá a lójú.

"Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ ilé ìwé," ni àbúrò mi wí. "Ó tó oṣù kan ààbọ̀. Ó wú fún ọjọ́ méjì, ó sì lọ."

"Wíwú ló lọ," ni dókítà wí. Ó ní awọ kan wà lẹ́yìn ojú, ó fẹ́lẹ́ ju ìwé lọ, àárín rẹ̀ ni a fi ń kàwé, òun ni a sì fi ń mọ ojú ara wa. Àárín yẹn gan-an ló ti lu, ihò kékeré kan. "Ta ló sọ fún ẹ pé kí o wá? Àwọn tó ní irú èyí kì í tètè mọ̀. Bí ènìyàn bá la ojú méjèèjì, èyí tó dára á máa bo àṣírí èyí tí kò dára. Wọ́n máa ń wá lẹ́yìn ọdún kan, ihò náà á ti fẹ̀ jù."

Àbúrò mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Ìjà ló gbé wa wá, dókítà," ni ó wí.

Wọ́n dá iṣẹ́ abẹ sí Ọjọ́bọ̀. Dókítà ní òun á fi afẹ́fẹ́ sínú ojú náà, kí afẹ́fẹ́ náà lè tẹ ihò yẹn pa, àbúrò mi sì gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀ fún ọjọ́ méje, lójú oorun, lójú oúnjẹ. "Bí o bá gbé ojú sókè, o ti ba iṣẹ́ mi jẹ́." Mo béèrè bóyá ojú náà á padà bọ̀ sípò. Ó ní òun kì í ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ òun.

Kí àbúrò mi tó lọ fún iṣẹ́ abẹ náà, ó kọ̀wé sí gúrúùpù. Mo ní kí n bá a kọ ọ́, ó kọ̀. "Síkírínì Àǹtí Síkírínì kò ní àbàwọ́n rí. Ojú mi ló ní i. Mo purọ́ mọ́ ẹ̀gbọ́n mi láìmọ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Ẹ di ojú kan, kí ẹ wo ìwé onílà. Lẹ́yìn náà kí ẹ di èkejì."

Fún odidi wákàtí kan, kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nínú gúrúùpù yẹn. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọmọ Ọ̀sán àti Ọmọ Dúdú: mo ti wò ó, tèmi gún. Mo ti wò ó. Tìyàwó mi náà gún. Alága kò yọ orúkọ mi kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹni tó ní ìyàwó òun ló ní kí òun gba ẹ̀rọ padà ló kọ́kọ́ gbé e wá, ó sì ní ìyàwó òun kí mi.

A tẹ́ ẹní fún àbúrò mi sí yàrá Màmá, a to ìrọ̀rí méjì kí àlàfo lè wà láàárín wọn fún imú rẹ̀. Màmá jókòó tì í, ó ń fi ohùn kékeré kọ orin ìsìn tí ó fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún nígbà tí a wà ní ọmọdé. Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, mo sì sọ àdúrà ọjọ́ mẹ́ta yẹn fún un, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú páálí tuntun àti ẹ̀rín tí mo rín.

Ó fi ọwọ́ ti ìrọ̀rí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Àdúrà yín lágbára o, ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà mìíràn ẹ fi fóònù pè mí."

Ní ọjọ́ kẹrin, Ọ̀sán-Gangan dé, ẹ̀rọ géèmù méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ti Ọ̀sán, ọ̀kan ti Dúdú. Ó ní ènìyàn lè fi ojú kan ta géèmù bí wọ́n bá tì í sábẹ́ àlàfo ìrọ̀rí. "Èwo ni kí n tì síbẹ̀?"

"Èyí tó bá wà nítòsí."

Orin Màmá dá dúró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀. "Ṣé ibà ti wọ̀ ọ́ ni?" ni ó wí, àyà rẹ̀ sì já ní tòótọ́.

Ọ̀sán-Gangan ti ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀. A gbọ́ tí àtàǹpàkò àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ohùn rẹ̀ wá láti ilẹ̀: "Dúdú rẹ̀ kò dú."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Ọ̀sán-Gangan wí fún Màmá. "Ara rẹ̀ ti ń yá."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí afẹ́fẹ́ inú ojú náà tó tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí dókítà ní kí a dán an wò, mo mú ìwé ìṣirò yẹn wá sídìí fèrèsé. Àbúrò mi di ojú òsì. Kò wo ìwé. Èmi ni ó ń wò, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ sunkún.

"Kò gún tán," ni ó wí. "Ó wọ́ díẹ̀ sápá òsì. Ṣùgbọ́n imú ni."